Kókó Clones: Òwú tó gba ilé lọ́wọ́ ebi

 

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ohun kan wà tí kì í wọ́n lọ́jà wa: fìlà ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi òwú hun, ìbọ̀sẹ̀ kéékèèké, àti aṣọ ìborùn tí ìyá ọmọ fi ń bo àyà ọmọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Króṣé ni a ń pe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìkọ́ kékeré lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bá a nílé, tí a rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Lónìí, a fẹ́ sọ bí kókó òwú kan, tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ṣe bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ kan tí ebi ti fẹ́ run tán. Lẹ́yìn náà, a óò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹni tó bá ní ìkọ́ àti òwú nílé lè gbìyànjú rẹ̀.

ÌKỌ́ TÓ FI AṢỌ SÍLẸ̀

Aṣọ híhun ti pẹ́ láyé. Kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa ni àwọn ìyá wa ti ń ran òwú, tí wọ́n sì ń hun aṣọ lórí òfì òòró. Ṣùgbọ́n króṣé, tí í ṣe ìkọ́ kan ṣoṣo àti òwú kan ṣoṣo, kò ní ẹ̀rí tó dájú ṣáájú nǹkan bí ọdún 1800.

Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà kan tí àwọn Faransé ń pè ní tambour. Ìlù ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, nítorí pé wọ́n máa ń na aṣọ sórí igi róbótó bí ẹni na awọ sórí ìlù. Wọn á wá fi ìkọ́ tín-ín-rín gún aṣọ náà, wọn á sì máa fa òwú yọ láti ìsàlẹ̀ sókè, tí yóò fi dà bí ẹ̀wọ̀n. Láti apá ìlà oòrùn ayé, láti Íńdíà àti Túrkì, ni iṣẹ́ yìí ti dé Yúróòpù ní àwọn ọdún 1700. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é rí i pé ẹ̀wọ̀n òwú náà lè dá dúró láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ aṣọ kúrò, ìkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lásán. Bí króṣé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1823, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní ilẹ̀ Holland, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Penélopé, tẹ àwòrán àti àlàyé bí a ṣe lè fi króṣé ṣe àpò owó kékeré. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1840, ìwé króṣé ti wà lórí àtẹ ní London. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Éléonore Riego de la Branchardière, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mademoiselle Riego. Ọmọ Írẹ́lándì ni ìyá rẹ̀. Ó gbé ìwé kan jáde ní 1846, ó sì tún kọ ọ̀pọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló wo àwọn aṣọ olójú-ihò olówó iyebíye tí àwọn ará Venice ń fi abẹ́rẹ́ ṣe, tó sì wá ọ̀nà bí ìkọ́ yóò ṣe ṣe irú wọn.

Títí di ìgbà yẹn, iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni króṣé jẹ́. Àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ló ń fi í pa ọwọ́ dà nínú yàrá ìjókòó wọn. Ebi ló sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́.

ỌDÚN DÚDÚ

Ní 1845, àrùn kan wọ inú oko ànàmọ́ òyìnbó ní Írẹ́lándì. Ewé rẹ̀ á dúdú, iṣu rẹ̀ á sì rà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó wà á. Bẹ́ẹ̀ ni ànàmọ́ yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ tálákà ilẹ̀ náà ń jẹ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣe tiwọn. Onílẹ̀ ló ni ọkà, òun ló ni màlúù, òun ni wọ́n sì ń san ìsákọ́lẹ̀ fún. Nígbà tí ànàmọ́ bàjẹ́, oúnjẹ mìíràn wà ní ilẹ̀ náà, wọ́n tilẹ̀ ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè rà á.

Ẹ̀yin ará Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn àgbà yín ti sọ ọ́ fún yín bí ebi ṣe jà nínú odi ìlú nígbà tí ogun Dàhòmì dó tì í, kó tó ṣubú ní 1886. Ebi tó bá ká ènìyàn mọ́ ibi tí kò sí ọ̀nà àbáyọ, ó yàtọ̀ sí ebi ọ̀dá.

Ní 1841, àwọn ènìyàn Írẹ́lándì lé ní mílíọ̀nù 8. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 1851, nǹkan bí mílíọ̀nù 6 ààbọ̀ ló kù. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ló kú sọ́wọ́ ebi àti àìsàn tó bá ebi rìn. Àwọn tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà àti ibòmíràn lé ní mílíọ̀nù kan. Ọdún 1847 ló burú jù. Títí dòní, ọdún dúdú ni wọ́n ń pè é.

ÀWỌN MASẸ́Ẹ̀RÌ ÀTI ÌYÀWÓ ÀLÙFÁÀ

Ní ìlú Cork, ní gúúsù, àwọn masẹ́ẹ̀rì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ursuline. Láti ilẹ̀ Faransé ni ìyá kan tó ń jẹ́ Nano Nagle ti mú ẹgbẹ́ wọn wá sí Cork ní 1771, kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ìyàn náà dé, ilé ìwé wọn ní Blackrock wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi króṣé kọ́ ọmọ tálákà bí iṣẹ́ tí ó lè mú owó wọlé. Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà tàn ká gbogbo agbègbè Cork.

Ní àríwá, ìlú kékeré kan wà tí wọ́n ń kọ ní Clones, tí wọ́n ń pè ní Klónísì. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Thomas Hand, ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ní 1847, nínú ọdún dúdú yẹn gan-an. Cassandra ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yìí rí àwọn ènìyàn tí ebi ń pa ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fún wọn lóúnjẹ lónìí, ebi yóò tún pa wọ́n lọ́la. Ó ránṣẹ́ sí ìyá kan ní Kildare, ìyáàfin Roberts, tó ti dá ilé ẹ̀kọ́ króṣé sílẹ̀, pé kó yọ olùkọ́ kan fún òun. Olùkọ́ náà dé, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí Clones fi di ibi tí gbogbo àgbègbè ń gbé iṣẹ́ wá.

Masẹ́ẹ̀rì Àgùdà ní gúúsù, ìyàwó àlùfáà Áńgílíkà ní àríwá. Ní ilẹ̀ tí ìjọ méjèèjì ti ń bá ara wọn fà á tipẹ́tipẹ́, òwú kan náà ni wọ́n jọ mú.

ÌDÍ TÓ FI BỌ́ SÍ I FÚN WỌN

Ohun mẹ́ta ló mú kí króṣé bá àwọn òtòṣì mu. Èkíní, irinṣẹ́ rẹ̀ kò gbówó lórí. Ìkọ́ kan ni, ẹlòmíràn a tilẹ̀ tẹ irin tín-ín-rín fúnra rẹ̀, a fi í sórí igi. Èkejì, ó yára. Aṣọ olójú-ihò tí àwọn ará Venice ń fi abẹ́rẹ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìkọ́ á ṣe èyí tó jọ ọ́ láàárín àkókò tó kéré sí i gan-an. Ẹ̀kẹta, a lè pín in ṣe.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dùn jù nínú ìtàn náà. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ aṣọ láti etí kan dé etí kejì bí a ṣe ń hun fìlà. Wọ́n á ṣe òdòdó lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀, èso àjàrà lọ́tọ̀. Ìdílé kan lè jẹ́ ti òdòdó róòsì nìkan, òmíràn á jẹ́ ti ewé. Ìyá á kọ́ ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí aládùúgbò rí bí àwọn ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹnìkan á to wọ́n sórí aṣọ tí wọ́n ti ya àwòrán sí, á rán wọn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, á wá fi ìkọ́ hun àwọ̀n tín-ín-rín láti so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, á tú aṣọ ìsàlẹ̀ kúrò.

Ohun tó sì mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ ni pé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń yọ sókè. Wọ́n máa ń fi òwú nínípọn sínú, wọn á fi òwú tín-ín-rín hun bò ó, kí etí ewé lè ga. Òdòdó róòsì wọn ní ìpele lórí ìpele, bí òdòdó tòótọ́. Nínú àwọ̀n tó so wọ́n pọ̀ ni àwọn ará Clones sì ti ń ta kókó róbótó kéékèèké tó di orúkọ ìlú wọn: kókó Clones.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TA KÓKÓ NÁÀ

Ẹ mú òwú kọ́tìnnì tó le díẹ̀ àti ìkọ́ tó bá a mu.

Ẹ kọ́kọ́ hun ẹ̀wọ̀n kúkúrú, ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fa ojú tó wà lórí ìkọ́ gùn díẹ̀, kó má fún. Ẹ wá yí òwú ká ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ti ìkọ́ gba abẹ́ ẹ̀wọ̀n náà kọjá, kí ẹ he òwú ní òdìkejì, kí ẹ fà á padà wá sókè. Ìkọ́ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń ro ọbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí òwú yóò fi bo ẹ̀wọ̀n náà mọ́lẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di ìdí ẹ̀wọ̀n mú, kó má yí.

Nígbà tó bá kún, ẹ yí òwú ká ìkọ́, kí ẹ fà á gba inú gbogbo ojú tó wà lórí ìkọ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí ni ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń há. Bí ojú bá ti fún jù, ìkọ́ kò ní kọjá. Ẹ má fi agbára fà á, ẹ máa yí ìkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìkọ́ bọ ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn kókó náà, kí ẹ fi ojú kúkúrú kan dè é pa, kó má baà sá padà. Ó di róbótó. Kókó Clones nìyẹn.

Ti kọ́tìnnì nìyẹn o. Bí ó bá jẹ́ wúùlù nínípọn lẹ fẹ́ lò fún ìborùn, ìbòrí tìmùtìmù tàbí aṣọ ìbora, kókó mìíràn wà tó yọ jù ú lọ, tó sì rọrùn. Nínú ojú kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rẹ̀ ojú gígùn márùn-ún. Ẹ má parí ìkankan nínú wọn: ẹ yí òwú, ẹ ti ìkọ́ wọlé, ẹ fa òwú jáde, ẹ fà á gba inú ojú méjì, kí ẹ sì fi èyí tó kù sílẹ̀ lórí ìkọ́. Tí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ojú mẹ́fà á wà lórí ìkọ́. Ẹ yí òwú, kí ẹ fà á gba inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ojú kúkúrú tẹ̀lé e, òun ló máa ń ti kókó náà jáde. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn aṣọ ló yọ sí, kì í ṣe iwájú tí ẹ ń wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta á nígbà tí ẹ̀yìn aṣọ bá kọjú sí wọn. Ẹ ra òwú kún un, nítorí pé kókó máa ń jẹ òwú ju híhun pẹrẹsẹ lọ.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni kókó wà fún. Afẹ́fẹ́ máa ń há sí àárín àwọn kókó náà, afẹ́fẹ́ tó há náà ló sì ń dá otútù dúró. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Paris, London àti Montreal, ìgbà òtútù yín le ju ọyẹ́ wa lọ. Ẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀ jù wá lọ.

ỌBA OBÌNRIN TÓ MÚ ÌKỌ́ LỌ́WỌ́

Iṣẹ́ àwọn òtòṣì yìí dé ààfin. Ọba Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra iṣẹ́ króṣé àwọn ará Írẹ́lándì, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n hun. Ní 1900, nígbà tí ogun ń lọ ní Gúúsù Áfíríkà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ìborùn mẹ́jọ fún àwọn ọmọ ogun tó ṣe akin. Mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́rin tó kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wá láti Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún nígbà náà, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1901.

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Òun náà ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ìyàn pa mílíọ̀nù kan nínú àwọn tí òun ń jọba lé lórí. Ìkọ́ kan náà ni ó mú, àmọ́ ohun tó wà nínú ìkòkò kò dọ́gba.

TA LÓ JÈRÈ?

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn. Króṣé gba ẹ̀mí là, kò sọ ẹni tó ń hun ún di olówó. Oníṣòwò ló máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, tí ó sì ń tà á ní Dublin, London, Paris àti New York. Nígbà tí oge ayé bá fẹ́ ẹ, owó á wọlé. Nígbà tí oge bá yí padà, iṣẹ́ á dúró. Síbẹ̀, owó kékeré yẹn san ìsákọ́lẹ̀, ó ra ìyẹ̀fun, ó sì san owó ọkọ̀ ojú omi fún àwọn kan tó lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní bíi ọdún 1880 sókè, ẹ̀rọ ní Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó jọ ọ́, ní owó pọ́ọ́kú. Ó jọ ọ́ ni, kì í ṣe òun. Títí di òní, ẹ̀rọ ń hun síwẹ́tà, ẹ̀rọ ń hun ìbọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n króṣé gidi, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí fìlà króṣé lórí àtẹ, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹnìkan ló jókòó tó ka ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, oge yí padà, ọjà wó lulẹ̀. Ní 1921, wọ́n pín Írẹ́lándì sí méjì. Clones bá ara rẹ̀ ní etí ààlà gan-an: ìlú wà ní apá kan, ọ̀pọ̀ abúlé tó ń ná ọjà rẹ̀ wà ní apá kejì. Ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún wa? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà tó la àárín wa kọjá, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ààlà gé oko rẹ̀ sí méjì mọ ohun tí àwọn ará Clones rí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Àwọn ìyá àgbà kan kò fi ìkọ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì tún lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti òkèèrè wá sí Clones láti kọ́ kókó yìí, orúkọ Cassandra Hand sì ṣì wà lẹ́nu wọn.

ÀWA ŃKỌ́?

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọ̀dọ̀ àwọn masẹ́ẹ̀rì àti ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ ìyá ti kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti króṣé, kí wọ́n tó fi kọ́ ọmọ nílé. Bí ó ṣe rí ní Cork náà ló rí níbí. Ohun tó yẹ kí a kọ́ lára àwọn ará Írẹ́lándì ni pé wọ́n gba iṣẹ́ àlejò, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ìlú wọn. Kókó Clones kò tún jẹ́ ti Faransé tàbí ti Venice mọ́.

Tiwa dà? Àwọn ìyá tó ń hun fìlà ọmọ lọ́jà Àjàṣẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ní ọnà tiwọn. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè kí ọwọ́ wọn tó rẹ̀. Ta ló kọ́ wọn? Kí ni wọ́n ń pe ọnà kọ̀ọ̀kan? Bí ẹ bá sì fẹ́ ra, ẹ má ná an di ọ̀fẹ́. Ẹ rántí pé ojú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà.

Ẹ̀yin ará, kí ni wọ́n ń pe ìkọ́ króṣé ní ìlú yín? Kí ni wọ́n ń pe kókó tó yọ sókè lára fìlà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa, kí ẹ sì dárúkọ ìlú náà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a.

Ọyẹ́ á fẹ́ lọ, kò ní gbé wa lọ o. Ire o.